Bẹ̀ Mí Kí N Má Lọ

Yìnyín ọdún náà pa àgùntàn Dulmaa tán. Ewúrẹ́ díẹ̀ àti ràkúnmí kan ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nínú aginjù Gobi. Ọ̀dá tó ṣáájú rẹ̀ ti mú kí kànga gbẹ. Bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni Sodnom, ọkọ ọmọ rẹ̀, wa ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ulaanbaatar, olú ìlú wọn, ó ní òun wá mú un lọ síbẹ̀.

"Màmá, gbogbo ará àdúgbò ti sá."

Dulmaa ń se tíì oníyọ̀ lórí iná. "Wọ́n sá kí ni? Wàrà wo ló kù tí wọ́n rí sá sóòrùn?"

"Wọn ò sá wàrà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sá."

"Nínú òtútù yìí?"

Sodnom ṣàlàyé pé ìlú ni wọ́n sá lọ, pé ojú ọjọ́ ti yí padà, kò sí koríko, kò sí omi. Dulmaa ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹni tí í sá. Láti kékeré ni òun ti ń tú àgọ́ kiri, òun ló sì máa ń sọ pé ó yá.

"Ẹ sọ ọ́ báyìí, Màmá. Ẹ ní ó yá."

"Òtútù ti sọ ọ́ ṣáájú mi. Bí mo bá lọ, wọ́n lé mi ni." Ó bu tíì fún un. "Àfi kí o bẹ̀ mí kí n má lọ. Màá kọ̀, màá sì fi ìfẹ́ inú mi lọ."

Sodnom wo ràkúnmí. Ràkúnmí náà wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má lọ."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn?"

Ó gbé tíì kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgbọ̀nwọ́ ìyá náà, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wọn. "Ẹ má lọ, Màmá. Èéfín èédú ló kún ìlú. A ò mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Níbí, bí ẹ bá jí, ẹ ó rí sánmà."

Ohùn rẹ̀ yí padà. Lọ́dún tí àgùntàn Sodnom fúnra rẹ̀ kú, tó sì kó lọ sí ìlú, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ọlọ́kọ̀ kàn ń fọn fèrè pé kó ṣe kíá ni. "Ẹ má lọ," ló ń wí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Mo kọ̀," ni Dulmaa wí, inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n tú àgọ́, wọ́n kẹ́rù, wọ́n ti ràkúnmí àti ewúrẹ́ wọ ọkọ̀. Dulmaa jókòó síwájú, ó retí awakọ̀ títí. Nígbà tó wẹ̀yìn, Sodnom ti jókòó sí ojú ibi tí àgọ́ wà tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́, kí Màmá máa lọ.

Dulmaa sọ̀ kalẹ̀, ó di àmùrè rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ bọ̀ nídìí ọkọ̀.

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò fẹ́ lọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ lọ, ìwọ ni wọ́n ń lé. Wa ọkọ̀."