Ìyá Onílé Ń Wá Ariwo

Yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀sán gangan. Onígìtá jókòó sórí ibùsùn, gìtá wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ìyá Onílé kan ilẹ̀kùn, kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó gbé ife dígí kan wọlé, ṣíbí sì wà nínú ife náà.

ONÍGÌTÁ: (Ó sáré fa wáyà sípíkà yọ.) Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ má bínú. Mi ò ta á sókè rárá lónìí.

ÌYÁ ONÍLÉ: Mo mọ̀. Ohun tó gbé mi gun àtẹ̀gùn nìyẹn, tòun ti orúnkún mi yìí. Ariwo mi dà?

ONÍGÌTÁ: Kí ni, Màmá?

ÌYÁ ONÍLÉ: Ariwo. Èyí tó ń da orí mi rú láti ọjọ́ tó o ti kó wọlé. Èyí tó ń mú kí àwo máa jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Láti àná, ohun tí mò ń gbọ́ nísàlẹ̀ ò ju ẹ̀fọn tó há sínú ìgò lọ.

ONÍGÌTÁ: Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n dín in kù? Àràárọ̀ lẹ máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà.

ÌYÁ ONÍLÉ: Mo gún un. Ta ló ní kó o gbọ́?

(Ó gbé ife náà lé orí sípíkà, ó tún ṣíbí inú rẹ̀ tò, ó fa àga sún mọ́ ọn.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Fetí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ lónìí. Ó ti wà nínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni mo máa ń sọ fún un pé ayálégbé mi fẹ́ fi gìtá pa mí. Mo ní ilé ń mì. Mo ní eyín ń mì lẹ́nu mi. Ó ní irọ́ ni, pé láti kékeré ni mo ti máa ń sọ eèrà di erin, pé òun ń bọ̀ wá fi etí ara òun gbọ́ ọ. Tó bá wá dé tó bá ẹ̀fọn rẹ yìí ńkọ́? Òpùrọ́ ni mo máa jẹ́ nínú ẹbí wa títí wọ́n á fi sin mí.

ONÍGÌTÁ: Tí wọ́n bá wá gbọ́ ariwo náà gan-an ńkọ́?

ÌYÁ ONÍLÉ: Á bá mi lé ẹ jáde.

ONÍGÌTÁ: Ẹn-ẹn.

ÌYÁ ONÍLÉ: Má wò mí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá gbọ́ ọ, èmi fúnra mi ni màá lé ẹ, torí pé o bà mí lórúkọ jẹ́. O ò rí i pé ọ̀kan náà ni méjèèjì? Dìde, ká ṣiṣẹ́. Kí lo ṣe sí gìtá yìí?

ONÍGÌTÁ: Píkọ́ọ̀pù ẹ̀ ni mo pààrọ̀.

ÌYÁ ONÍLÉ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

ONÍGÌTÁ: Nǹkan pẹlẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ okùn yìí. Etí gìtá ni. Tí okùn bá gbọ̀n, òun á gbọ́, á wá lọ sọ fún sípíkà.

ÌYÁ ONÍLÉ: Olófòófó ni.

ONÍGÌTÁ: Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

ÌYÁ ONÍLÉ: Kí wá ni àwọn olófòófó ti tẹ́lẹ̀ ṣe fún ẹ?

ONÍGÌTÁ: Wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ní kí ohùn ẹ̀ túbọ̀ sanra ni.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ó wá rù.

ONÍGÌTÁ: Ó rù kan egungun, Màmá. Èmi náà ò mọ ibi tí ẹran ara ẹ̀ wọlẹ̀ sí.

(Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ta á. Ohùn kan jáde, tín-ín-rín, bí ìgbà téèyàn ń fi ihò imú kan kọrin. Àwọn méjèèjì wo ife. Ṣíbí ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Òtútù ló mú un.

ONÍGÌTÁ: Gìtá kì í mú òtútù, Màmá.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ìwọ tó pààrọ̀ etí fún un ló wá mọ ohun tó ń ṣe é. Fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn.

(Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé sípíkà láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Onígìtá ta á. Ẹ̀fọn náà ti wọ inú ilé lọ, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Mú un kúrò. Òtútù kọ́.

ONÍGÌTÁ: Bóyá àwọn etí náà ló jìnnà sí okùn jù. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn sókè díẹ̀.

(Ó mú tọnafíìsì, ó yí ìdè kọ̀ọ̀kan títí àwọn etí fi fẹ́ẹ̀ kan okùn. Ó ta á.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Ó ti yàtọ̀.

ONÍGÌTÁ: Ṣé ó ti sanra?

ÌYÁ ONÍLÉ: Rárá o. Ẹ̀fọn yẹn náà ni, ó kàn ti bà lé wa létí ni. Ó dáa, gbé e sílẹ̀. Bọ́ sí àárín yàrá kó o fò.

ONÍGÌTÁ: Kí n fò?

ÌYÁ ONÍLÉ: Fò sókè kó o já lulẹ̀.

(Onígìtá fò. Pákó ilẹ̀ dún gìdìgbò. Ṣíbí mì nínú ife.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Ẹ ṣeun, Olúwa. Ohun tí mo sọ fún un gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kó dé. Ṣé wàá lè máa fò báyìí títí tó fi máa lọ?

ONÍGÌTÁ: Ìgbà wo ni wọ́n máa lọ?

ÌYÁ ONÍLÉ: Kò sọ. Ó lè sùn.

ONÍGÌTÁ: Màmá, ta ló máa wá ta gìtá tí mo bá ń fò?

ÌYÁ ONÍLÉ: Òun náà lo máa gbé dání. Àwọn akẹgbẹ́ ẹ ṣáà ń fò lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n.

(Onígìtá gbé gìtá kọ́rùn, ó fò, ó ń ta á lọ. Bó ṣe balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbá súìṣì kékeré kan tó wà lára gìtá. Ohùn kan jáde, ó nípọn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ṣíbí rọra mì. Àwọn méjèèjì dúró, wọn ò mí.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Kí lo fọwọ́ kàn?

ONÍGÌTÁ: Súìṣì yìí. Ó ti lọ sókè. Etí òkè nìkan ló ń ṣiṣẹ́ báyìí.

ÌYÁ ONÍLÉ: Tì í sísàlẹ̀ ká wò ó.

(Ó tì í sísàlẹ̀. Ohùn tó jáde tún nípọn, ó mú bí ọ̀bẹ tuntun. Ṣíbí tún mì.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Tàárín ńkọ́?

ONÍGÌTÁ: Àárín ni mo máa ń wà. Àwọn méjèèjì ló máa ń sọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. (Ó ta á. Ẹ̀fọn dé.) Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀kan sanra, èkejì sanra, wọ́n wá pàdé tán, wọ́n jọ gbẹ.

ÌYÁ ONÍLÉ: Wọ́n ń jà ni.

ONÍGÌTÁ: Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀?

ÌYÁ ONÍLÉ: Ṣé ó dìgbà téèyàn bá pẹ́ níbì kan kó tó jà ni? Ìwọ gan-an, ọjọ́ tó o kó wọlé la bẹ̀rẹ̀. Wò ó, nígbà tá a wà ní kékeré, ìyá wa á ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti àpótí aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi á lọ sọ́tùn-ún, màá máa tì. Òun á lọ sósì, á máa tì. Àwa méjèèjì á máa làágùn, àpótí ò ní kúrò lójú kan.

ONÍGÌTÁ: Nígbà tí eléyìí bá ní lọ, ìyẹn á ní bọ̀.

ÌYÁ ONÍLÉ: Sípíkà ò wá mọ èyí tóun máa gbà gbọ́.

ONÍGÌTÁ: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè máa fi ẹyọ kan ta á.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ẹyọ kan? Ṣíbí lẹyọ kan mì, mo sì ti ní ilé ló ń mì. Tú ìdí ẹ̀, ká wo bó o ṣe so wọ́n.

(Onígìtá tú ìdè, ó ṣí ikùn gìtá. Àwọn méjèèjì tẹ orí wò ó, orí sì gbá orí.)

ONÍGÌTÁ: Ẹ wò ó, mi ò ṣàṣìṣe. Mo so pupa mọ́ pupa, mo so funfun mọ́ funfun.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn etí méjèèjì?

ONÍGÌTÁ: Rárá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Mo ṣa èyí tó dáa jù níbì kọ̀ọ̀kan.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ta ló wá sọ fún ẹ pé pupa tibí ni pupa tọ̀hún? Nílé tèmi, ṣúgà ló wà nínú agolo pupa. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, iyọ̀ ni. Mo ti bu iyọ̀ sí tíì níbẹ̀ rí, mo sì mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, mo tún ní ó dùn, torí kó má bàa mọ̀ pé mo ṣìṣe.

ONÍGÌTÁ: (Ó fi ìka tọ àwọn wáyà náà lọ.) Pupa ti ọ̀kan ni àlọ. Pupa ti èkejì ni àbọ̀. Wáyà etí kan ṣoṣo ló yẹ kí n yí padà, Màmá. Tí mo bá yí méjèèjì, ìjà náà á tún bẹ̀rẹ̀.

ÌYÁ ONÍLÉ: Ti òkè ni kó o yí.

ONÍGÌTÁ: Kí ló dé tó fi jẹ́ tòkè?

ÌYÁ ONÍLÉ: Òun ni ẹ̀gbọ́n. Jẹ́ kó kọ́ ìwà.

(Onígìtá ki irin tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ mọ́ra bọ iná. Ìyá Onílé di gìtá mú bí ẹni tó di ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ mú. Èéfín rú fìì. Wáyà pupa bọ́ sí ipò funfun, funfun bọ́ sí ipò pupa. Ó dé ikùn gìtá padà, ó ti súìṣì sáàárín, ó ta á.

Pákó ilẹ̀ gbà á. Ògiri gbà á. Ṣíbí fò jáde nínú ife, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn. Nísàlẹ̀ ilé, nǹkan kan já bọ́ láti orí nǹkan kan, ó sì fọ́.)

ÌYÁ ONÍLÉ: (Ó di àyà mú, omi ti dé ojú rẹ̀.) Àwo mi. Àwo ìgbéyàwó mi ló fọ́ yẹn. Ọmọ dáadáa ni ẹ́.

ONÍGÌTÁ: Ẹ ṣeun, Màmá. Níbo wá ni kí n kó ẹrù mi lọ?

ÌYÁ ONÍLÉ: Ẹrù wo? Mo ti rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n lé ẹ. Èmi á wá ní rárá, ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ jẹ́ kí n máa jìyà mi lọ. Gbogbo ẹbí ló máa gbọ́ ọ. Ìgbà wo ni mo tún fẹ́ rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀?

(Ọkọ̀ fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Onílé sáré dé ojú fèrèsé, orúnkún rẹ̀ ti gbàgbé pé òun ń dun èèyàn. Ó ṣu ojú jọ bí ẹni tí kò sùn láti ọdún tó kọjá.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Òun ni. Ta á. Má ṣojú àánú.

(Onígìtá ta á. Ilé dáhùn.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Ó ti gbójú sókè. Ó ti gbọ́ ọ. Ó ju báàgì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ti bà á.

ONÍGÌTÁ: (Ó na ọrùn wò ó.) Màmá, wọ́n ń jó ni.

ÌYÁ ONÍLÉ: Kò jó. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

ONÍGÌTÁ: Wọ́n ti fa awakọ̀ jáde kí wọ́n lè jọ jó o.

(Ìyá Onílé yọ orí síta.)

ÌYÁ ONÍLÉ: Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ gbọ́ ìyà tó ń jẹ mí? Ẹ ní kí ni? Hẹ́ẹ̀n. Hẹ́ẹ̀n. Kí ni wọ́n ń já sílẹ̀ nínú búùtù yẹn? Títí dìgbà wo?

(Ó fa orí wọlé. Ó rọra pa fèrèsé dé.)

ONÍGÌTÁ: Kí ni wọ́n wí?

ÌYÁ ONÍLÉ: Ó ní irọ́ ni mo pa lóòótọ́, pé mi ò sọ fún òun pé ó dùn tó báyìí. Ó ní òun ń kó wá sọ́dọ̀ mi.

ONÍGÌTÁ: Ẹ̀gbọ́n yín? Fún ìgbà wo?

ÌYÁ ONÍLÉ: Yí wáyà yẹn padà.