Yẹtí Tó Ń Fì Létí Mi

Bí mo bá gbó títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò rò pé mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo fi yẹtí obìnrin sétí wọ ọkọ̀ akérò gbàkà láti Niangon dé Adjamé.

Iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ ní Abidjan nígbà náà, Ràfátù ni mo sì ń fẹ́. Ìyá rẹ̀, Àlàájà, ọmọ Ìgbòho, ń ta yẹtí ní ọjà Adjamé. Wọn ò tíì gbà mí. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló ń tà? Ràfátù bá dá ọgbọ́n kan: kí n ya yẹtí tí yóò máa fì létí àwòrán arẹwà kan, kí ìyá òun máa fi polówó ọjà nínú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Mo ní eré ọmọdé ni. Ẹnu kúkú dùn ún ròfọ́.

Mo sàmì sí ibi tí yẹtí yóò dé lósì àti lọ́tùn-ún, mo ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù. Ìyára kan náà ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Tó bá dé ìpẹ̀kun, á dúró gbagidi bí ẹni tó forí sọ ògiri, á tún ta padà. Àlàájà nu awò ojú wọn, wọ́n tún wò ó.

“Ọmọ mi, ṣé yẹtí nìyí àbí essuie-glace tí ń nu òjò lójú mọ́tò?”

Ibì kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí a ti ń fa ìlà kan láti sọ fún nǹkan pé kó rọra gbéra, kó sì rọra dúró. Mo fà á. Mo fà á jù. Lọ́jọ́ kejì, lójú àwọn oníbàárà, yẹtí rọra gbéra lóòótọ́, ló bá sáré kọjá ààlà, ó gbá arẹwà náà lẹ́nu, ó sì wọnú ihò imú rẹ̀ lọ. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, àfi Àlàájà.

“Bí tọ̀la ò bá dára, c'est fini. Iṣẹ́ ti parí, ọ̀rọ̀ Ràfátù náà ti parí.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo mú yẹtí tí Àlàájà fún mi pé kí n máa wò yà, irú tí wọ́n ń há mọ́ etí tí wọn ò lu. Mo há a mọ́ etí mi níwájú dígí, mo ń mi orí. Àṣé bó ṣe ń ṣe nìyí! Bó bá kù díẹ̀ kó dé ìpẹ̀kun, á rọra, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bó bá ń padà bọ̀, á yára láàárín. Fífì rẹ̀ á sì máa kéré títí á fi dákẹ́. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe, ó dára débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo fò sínú gbàkà.

“Vieux père, tu es choco, dèh!” ni ẹni tó ń gbowó ọkọ̀ wí, pé mo gbáfẹ́. Mo rò pé ṣẹ́ẹ̀tì mi ló ń yìn. Mo dúpẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràfátù, oníṣòwò obì ní Anyama, ti wá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nǹkan tútù kan bá gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Yẹtí! Bàbá dáwọ́ tẹ̀súbà dúró.

“Àlàájà, èwo ni ọkọ, èwo ni ìyàwó?”

Ràfátù fi ìbòrí bojú. Mo fẹ́ já a kúrò létí, ó há, mo ké.

“Má yọ ọ́!” ni Àlàájà wí. “Mi orí kí n rí i.”

Mo fi iṣẹ́ tuntun náà sí tẹlifíṣọ̀n, mo sì mi orí. Wọ́n wo etí mi, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún wo etí mi.

“Ha! Bákan náà ni wọ́n ń fì!” Ẹ̀rín bá gbé wọn ṣubú lé àpótí ọjà.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ohun téèyàn bá fẹ́ yà, kó kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tó bá sì wò ó tán, kó wo ara rẹ̀ náà kó tó jáde. Ìyàwó mi, Ràfátù yìí náà ni, ní kí n fi kún un pé lọ́jọ́ yìgì wa, bàbá Anyama kọ́kọ́ yẹ etí mi méjèèjì wò kí wọ́n tó ṣe àdúà. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in.