Obìnrin Inú Gíláàsì Dádì Tolú

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, nínú ṣọ́ọ̀bù Nùrẹ́nì tó ń ṣe ère kéékèèké ní Ìdímù. Lórí tábìlì, ère ọkùnrin kan tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ dúró ṣánṣán: ó wọ kóòtù, ó so táì, ó lo gíláàsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì Tolú ló wá gbé e. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, ni ère náà. Lọ́la ni wọ́n máa ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún un, torí ó ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ nà fi di bàbá ìyàwó. Orí àkàrà òyìnbó ni ère yìí máa dúró sí. Ọmọ wọn, Tolúwalọpẹ́, ló bá ìyá rẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Nùrẹ́nì. Mọ́mì Tolú kò tilẹ̀ bèèrè èwo ni. Ohun kan ṣoṣo tó tẹnu mọ́ lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ wá ni pé Nùrẹ́nì gbọ́dọ̀ fi èènì sí i. Nùrẹ́nì bi í bí wọ́n ṣe ń fi èènì sí ère. Ó ní ìyẹn kò kan òun. Òun kò ra nǹkan rí láyé òun láìgba èènì, títí kan pósí bàbá òun, tí káfíńtà fi àpótí ìjókòó kékeré kan lé.

Mọ́mì Tolú gbé ère náà sórí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó títí.

“Ẹ̀rín yìí,” ló wí.

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Mi ò tíì yìn ọ́.”

“Mo fi ọpẹ́ sílẹ̀ dè é ni, mà.”

Mọ́mì Tolú gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé. Ojú obìnrin yìí mú; láti orí ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń mọ ẹni tó di ojú rẹ̀ gbàdúrà àti ẹni tó di tirẹ̀ sùn.

“Nùrẹ́nì, kí ni yẹ́lò tó wà nínú gíláàsì rẹ̀?”

Nùrẹ́nì dìde dúró. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn oníbàárà máa ń bèèrè bàtà, wọ́n máa ń bèèrè ikùn, pé kó bá àwọn dín in kù. Kò sẹ́ni tó bèèrè gíláàsì rí. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Ó ní gíláàsì ló le jù nínú ère. Tí èèyàn bá kàn fi ọ̀dà funfun kùn ún, afọ́jú ló ṣe yẹn. Tó bá fi dúdú kùn ún, ọmọ ìta ni. Dúdú ni kó ti òkè bẹ̀rẹ̀, kó máa mọ́lẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, ẹyọ funfun kan, bíńtín, ní igun òkè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta lòun fi ṣe é. Irun mẹ́rin ló ní tẹ́lẹ̀. Òun fa ọ̀kan tu torí kò gbájú mọ́ṣẹ́. Ká tó wá fi fáníìṣì pa á lójú kó máa dán.

“Yẹ́lò ni mo bi ọ́.”

“Mò ń bọ̀ níbẹ̀, mà. Gíláàsì kì í dá wà. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé sára. Mo fẹ fọ́tò yẹn títí, mo bá rí ẹni tó ń ya Dádì nínú gíláàsì Dádì. Bí mo ṣe rí i náà ni mo ṣe kùn ún. Obìnrin ni. Ó wé gèlè yẹ́lò.”

Jẹnẹrétọ̀ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kú lójijì, bíi pé òun náà fẹ́ gbọ́.

“Obìnrin,” ni Mọ́mì Tolú wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Nínú ojú ọkọ mi.”

“Nínú gíláàsì rẹ̀, mà. Ojú gan-an wà lẹ́yìn.”

Mọ́mì Tolú fa àga, ó jókòó. Ó ní kó gbé fọ́tò náà wá. Nùrẹ́nì ní inú fóònù òun ló wà, fóònù sì wà lọ́dọ̀ Bàrákàt tó ń bá èèyàn gba iná sí fóònù ní oríta, torí iná mọ̀nàmọ́ná kò tíì yọjú sí àdúgbò láti ọjọ́ mẹ́rin. Ère nìkan ló wá kù tó lè jẹ́rìí. Mọ́mì Tolú na ọwọ́. Nùrẹ́nì gbé awò ńlá rẹ̀ fún un, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà ń gbọ̀n, ohun gbogbo inú awò náà sì ń jó. Ó dá a padà, ó ní kí Nùrẹ́nì máa wò ó, kóun máa bèèrè.

“Ṣé ó sanra ni, àbí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́?”

“Mà, kò tó ìdajì ẹyọ gàrí kan.”

“Nínú ìdajì ẹyọ gàrí yẹn, ṣé ó sanra?”

Nùrẹ́nì wò ó dáadáa. Kì í purọ́ lórí iṣẹ́. “Ó kún inú rẹ̀, mà.”

“Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó fi ọ̀kan di fóònù mú. Ó fi èkejì di gèlè mú.”

“Kí ló dé tó ń di gèlè mú?”

“Ó tóbi ni, mà. Ó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Mi ò rí irú gèlè bẹ́ẹ̀ rí. Kò ní ìṣẹ́po kankan. Ó rí roboto, ó ń dán.”

Mọ́mì Tolú mi orí lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń wé irú gèlè yẹn láti Ìdímù títí dé Ìkọ̀tún: Ìyáàfin Fẹ́kọ́mi, olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ní ilé-ìwé Dádì Tolú. Tó bá jókòó síwájú níbi ìpàdé òbí, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í rí nǹkan kan. Bàbá kan wà tó fi ọdún mẹ́ta lọ sí ìpàdé láìmọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé.

“Fẹ́kọ́mi ni,” ló wí.

Nùrẹ́nì ní òun kò mọ orúkọ, òun kàn ń kun ọ̀dà ni.

Ó wá yé Mọ́mì Tolú nísinsìnyí. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, Dádì Tolú ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan tí ara rẹ̀ kò yá ní Egan. Ó padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ta ló ń kí aláìsàn tí inú rẹ̀ ń dùn?

“Kí ló tún wà níbẹ̀?”

“Òkìtì yanrìn, mà, lẹ́yìn obìnrin náà. Àti ògiri kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí.”

“Kí ni wọ́n kọ?”

“Ilé yìí kì í ṣe títà.”

“Gbogbo ilé Àlímọ̀ṣọ́ ni kì í ṣe títà. Wo ibòmíràn.”

Nùrẹ́nì, tó fẹ́ ṣèrànwọ́, yí ère náà díẹ̀. Ó ní nínú gíláàsì ọ̀tún, obìnrin náà tún súnmọ́ Dádì sí i.

“Ó ń súnmọ́ ọn.”

“Kò rìn, mà. Bí gíláàsì ṣe tẹ̀ ni.”

“Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn.” Ó na ìka sí ère náà. “Pa á rẹ́.”

“Mi ò lè ṣe é, mà.”

“Ọ̀dà rẹ nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ nìyẹn, onírun mẹ́ta.”

Nùrẹ́nì gbé búrọ́ọ̀ṣì náà kúrò nítòsí rẹ̀. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú òun búra. Níbòmíràn lára ère, èèyàn lè ṣoore díẹ̀ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Gíláàsì kò gba oore. Bí gíláàsì bá ti parọ́, ère náà ti kú nìyẹn.

“Ìyẹn ni pé lọ́la, níwájú ọ̀gá ilé-ìwé àti gbogbo ẹbí mi, màá gbé ọkọ mi ka orí àkàrà òyìnbó pẹ̀lú Fẹ́kọ́mi nínú ojú rẹ̀ méjèèjì. Fẹ́kọ́mi gan-an á sì jókòó síwájú, á máa jẹ nínú rẹ̀.”

Nùrẹ́nì ṣírò rẹ̀. “Mẹ́ta ni wọ́n máa jẹ́, mà.”

“Kò ní í sí àkàrà òyìnbó,” ni Mọ́mì Tolú wí. “Kò ní í sí ayẹyẹ. Bóyá ilé gan-an kò ní í sí.”

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò dun òun tó ẹ̀rín yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ńṣe ló ń wo àwọn àlejò bí ẹni ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò. Nígbà tí òun bí Tolúwalọpẹ́, ó yọjú sí ọmọ náà, ó ní, “Ó dára, ṣùgbọ́n ó lè dára jù báyìí lọ.”

“Ó wá ní irú eyín báyìí,” ló wí. “Fẹ́kọ́mi ló ń kó o pamọ́ fún.”

Nùrẹ́nì wúkọ́. Ó gbé ìgò fáníìṣì láti apá ọ̀tún tábìlì lọ sí apá òsì. “Mọ́mì, ní ti ẹ̀rín yẹn —”

“Má gbèjà rẹ̀.”

Nùrẹ́nì gbé ìgò náà padà sí apá ọ̀tún.

Mọ́mì Tolú dìde. Ó gbé báàgì kọ́ apá. Ó gba awò ńlá náà, kó lè wo ọ̀tá rẹ̀ lójú lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ. Ìbínú ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúró wàyí, kò gbọ̀n mọ́. Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn.

“Kí ni dúdú tó wà létí gèlè yìí?”

“Bí mo ṣe bá a nìyẹn, mà. Ó ya níbẹ̀. Ó rí bíi pé eku gé e jẹ.”

“Gèlè kì í ya báyìí.” Ó tún wò ó. Ó gbé awò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Kì í ṣe gèlè.”

“Mà?”

“Báàfù ni. Báàfù ìfọṣọ mi ni. Ọmọọṣẹ́ bíríkìlà ló fi ṣọ́bìrì gé e létí, ní ilé wa ní Ayọ̀bọ̀, lọ́jọ́ tí a ń da dẹ́kìn. Òjò dé, mo da báàfù borí, mo ní kí Dádì dúró síwájú ilé kí n yà á.”

Àwọn méjèèjì wo ère náà.

“A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹyọ gàrí yẹn, mà.”

“Èmi ni.” Ó rò ó díẹ̀. “O ní mo kún inú rẹ̀.”

“Gàrí yẹn ló kéré, mà.”

Mọ́mì Tolú tún jókòó. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Ohun kan ń dé sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀dà tó ń mọ́lẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ gíláàsì. Ó ní ìyẹn ni pé òun ni ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí. Nínú òjò. Pẹ̀lú báàfù lórí. Ó ní òun máa sọ ọ́ lọ́la níwájú gbogbo wọn, nígbà tí wọ́n bá ní kóun sọ̀rọ̀ nípa ọkọ òun; òun máa jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbọ́ pé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkọ òun rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì rẹ́rìn-ín sí. Fẹ́kọ́mi náà á gbọ́.

“Lọ gba fóònù rẹ wá,” ló wí. “Mo fẹ́ rí ẹ̀rín yẹn bó ṣe tóbi.”

Nùrẹ́nì ní iná lè má tíì kún fóònù náà.

“Mi ò ní í fi se ẹ̀wà.”

Nùrẹ́nì ní Bàrákàt lè ti lọ kírun.

“Ìdí rẹ̀ nìyí tí o fi máa dúró dè é.”

Nùrẹ́nì lọ. Ó rìn lọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún, ó sì padà wọlé bí ẹni tí wọ́n yọ èyí tí kò dùn ún. Ó na fóònù náà sí i, ó yíjú sí ògiri.

Nínú fọ́tò, òjò ń rọ̀. Ilé tí kò tíì lórùlé dúró. Níwájú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga fajú ro bí olùkọ́ tí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ jí ìdáhùn kan náà wò, tí ìdáhùn náà ò sì tọ̀nà.

Mọ́mì Tolú wo fóònù. Ó wo ère. Ó tún wo fóònù.

“Nùrẹ́nì.”

“Mà.”

“Ẹ̀rín dà?”

Nùrẹ́nì mú búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, ó nù ún, irun kọ̀ọ̀kan.

“Èènì tí ẹ ní kí n fi sí i nìyẹn, mà.”