Sáfà Tó Ń Bú Ramúramù

Mo fi oúnjẹ àárọ̀ mi búra pé òtítọ́ ni ìtàn yìí. Ó dáa, mo ti jẹ oúnjẹ náà tán kí n tó búra, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n wọn gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ló ni ìtàn. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀. Ó dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún ará àdúgbò. Ilé mọ́kànlá péré ló ń rà á. Yàrá tí ìyá mi, alágbàfọ̀, ti ń sá aṣọ ló fi ṣe ọ́fíìsì.

Ó gba ẹnjinníà kan ṣoṣo síṣẹ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyẹn ní, "Ọ̀gá, sáfà kékeré tí à ń fi pín íńtánẹ́ẹ̀tì yìí tó wa. Kì í jẹ iná."

"Mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà ńlá wọlé, kó wá bá nǹkan tó rí bíi páálí bàtà? Ṣé bàtà la ń tà ni? Gbé e jù nù."

Ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù lọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe yan sáfà: ó ní kí wọ́n tan gbogbo rẹ̀, ó dijú, ó tẹ́tí. Èyí tó pariwo jù ló rà. Ó ní ariwo ni agbára. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ì bá ti máa fi ọwọ́ kan gbé ilé.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Wọ́n tan án, ògiri ń gbọ̀n, ooru ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ààrò.

Ìyá mi yọjú. "Ìwọ ọmọ yìí, tí dókítà eyín yẹn kò bá fọwọ́ síwèé ní Ọjọ́bọ̀, kó ẹrù ẹ jáde, kí n ríbi sá aṣọ."

Dókítà náà ní ilé ìwòsàn mẹ́ta tó ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ni ìrètí wọn.

Ọjọ́bọ̀ pé, dókítà dé. Mo-Ti-Mọ̀ nawọ́ sí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń fi ìyàwó tuntun han ẹbí. "Dókítà, inú ẹ̀rọ yìí ni gbogbo àdúgbò ń gbé. Tó bá kú fún ìṣẹ́jú kan péré, ọ̀rọ̀ bàjẹ́."

Kò tíì pa ẹnu dé tí iná fi gé pàù. Ẹ̀rọ náà ti fa iná ju agbára ilé lọ. Kẹ́kẹ́ pa.

Ọ̀gá wa fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ń wo fóònù, ó ń retí èébú oníbàárà mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni kò pè. Dókítà tẹ fóònù tirẹ̀, tó ti so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wọn látìgbà tó wọlé, wò.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ó tiẹ̀ yá."

Ẹnjinníà bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí bàtà wa jáde lábẹ́ tábìlì, tòun ti bátìrì rẹ̀. "Eléyìí ni gbogbo wọn ń lò, sà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ọ̀gá yẹn, wáyà iná nìkan ló wà lára rẹ̀."

"Mo ti mọ̀," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí, bí ẹni tí ẹyin gbígbóná há lọ́nà ọ̀fun.

"Èyí tó wà lábẹ́ tábìlì ni mo fẹ́," ni dókítà wí. Ó fọwọ́ síwèé. Ẹnjinníà ló na ìwé náà sí, kò wo ọ̀gá.

Ìyá mi kò lé wọn mọ́. Ó kàn ta okùn sẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá náà. Wákàtí kan, ìbọ̀sẹ̀ ti gbẹ. Ẹ̀wù funfun dókítà ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, Mo-Ti-Mọ̀ ló sì ń yí i síwá sẹ́yìn.

Irọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ rèé: mo parọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Òun kọ́ ló gé iná. Áyọ́ọ̀nù ìyá mi mẹ́ta ni mo kì bọ iná lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ògiri. Tí a bá yọ ti ìbọ̀sẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ yẹn kò tíì ṣe nǹkan kan láyé rẹ̀. Kódà, kò lè gé iná.