Àwọn Àgbọ̀nrín Tó Ń Gba Sàárà

Ẹjọ́ kan gbé ọrun àti ọfà wọ ààfin lánàá, a sì ní kó kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ààfin tí mo wí yìí, yàrá abẹ́ ilé Baálẹ̀ Adédàmọ́lá ni, ní District Heights, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Baálẹ̀ fi wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, tí àwa Yorùbá agbègbè yìí sì fi í joyè. Gbogbo wa mọ̀ pé baálẹ̀ kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá pè é ní Kábíyèsí, ẹjọ́ rẹ̀ kì í yá. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ba ìkọ̀wé mi jẹ́ níbì kan.

Nọ́fíù, ọmọ ọdẹ láti Ọ̀yọ́, ló pẹjọ́. Àlàájà Kúlísúmù ló pè lẹ́jọ́, ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Fort Washington bá igbó pààlà.

"Nọ́fíù, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, Àlàájà ti kó gbogbo àgbọ̀nrín igbó mi sílé."

"Igbó rẹ? Ìgbà wo lo ra igbó?"

"Mi ò rà á, sà. Àwọn tó ń mójú tó ẹran ìgbẹ́ ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Àgbọ̀nrín ti pọ̀ jù, wọ́n ń jẹ oko, wọ́n ń kọlu mọ́tò. Wọ́n ní kí n fi ọfà dín wọn kù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lórí ìlà kí n tó rí pámíìtì yìí gbà, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa parí. Bí mi ò bá rí ẹyọ kan pa, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé igbó náà fún, èmi á tún padà sí ìdí ìlà."

"Mélòó lo ti pa?"

"Òdo, sà."

Olóyè Fọláhàn, Ọ̀tún Baálẹ̀, fi fìlà bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rín in, àmọ́ mo bá a rín in.

"Ṣé kò sí ẹran nínú igbó ni?"

"Wọ́n wà tẹ́lẹ̀! Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí Àlàájà bá ti pariwo 'Sàárà o! Ẹ wá gba sàárà!', gbogbo wọn á dìde, wọ́n á tò lọ bí ọmọ iléèwé. Èmi á wà lórí igi, màá máa wo ìdí wọn."

"Àárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò kúrò lẹ́yìnkùlé náà mọ́, sà. Wọ́n ń retí Jímọ̀ míì."

"O ò sì lè ta wọ́n níbẹ̀?"

"Éèwọ̀! Òfin ibí ò gbà á. Mo sì ti gbé ìlú Ọba rí, sà. Ní Norfolk, wọ́n ń gbà mí síṣẹ́ kí n máa fi igi lu ewéko, kí ẹyẹ lè fò sókè fún àwọn ọlọ́lá tó ń yìnbọn. Ẹyẹ tó bá ti kọjá ọgbà, ti aládùúgbò ni. Ẹ ta á pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní pè yín mọ́."

"Ọdẹ oníwà pẹ̀lẹ́," ni Olóyè Fọláhàn wí. "Abájọ tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ fi gbẹ."

Nọ́fíù pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Mobáyọ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Àlàájà.

"Àgbọ̀nrín mélòó lo rí?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mọ́kànlá ni, sà. Mẹ́rin jẹ ewúro mi, àwọn yòókù jẹ ilá."

"Nọ́fíù ní wọn ò kúrò lẹ́yìnkùlé Àlàájà."

"Wọn ò kúrò, sà. Ọrùn wọn ló gùn."

"Ṣé o rí Nọ́fíù lórí igi?"

"Mi ò rí i, mo gbọ́ ọ ni. Ó ń hanrun. Mo rò pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé igi."

"Mobáyọ̀, ẹlẹ́rìí ta ni ẹ́ gan-an?" ni Nọ́fíù figbe ta.

Baálẹ̀ kọjú sí Àlàájà. "Àlàájà, ta ló ń fún àgbọ̀nrín ní sàárà?"

"Èmi ni, Kábíyèsí, ẹ má bínú. Kamilah ọmọ mi ló lóyún. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára. Ààfáà wa ní Ìbàdàn ní kí n ṣe sàárà fún ogójì Jímọ̀, kí a lè gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni dókítà ní ó máa bí."

Mo gbé bíírò kalẹ̀, torí mo mọ Kamilah, mo sì mọ bó ṣe sunkún lọ́dún tó kọjá.

"Ọmọdé là ń fún ní sàárà, Àlàájà."

"Ṣé mo kọ̀ ni? Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo dín àkàrà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè títí ọ̀fun fi dùn mí. Ọmọ kan ò yọjú. Ìyá kan ní ọmọ òun wà ní soccer. Òmíràn ní kí n kọ ingredients àkàrà síwèé wá. Àkàrà, Kábíyèsí! Mo bá gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, mò ń sunkún, mo ní 'Ẹ wá gba sàárà o', kí n ṣáà ti pè é. Ni wọ́n bá yọ láti inú igbó. Wọn ò bèèrè ìbéèrè kankan. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n jẹun. Ṣé kí n wá lé àlejò tí Ọlọ́run rán sí mi?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tóyìn, ẹlẹ́rìí Àlàájà, dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

"Kábíyèsí, kò sí àgbọ̀nrín níbẹ̀ rárá. Ajá ni wọ́n."

"Ajá tó ní ìwo?"

"Amẹ́ríkà la wà, sà. Oríṣiríṣi ajá ló wà."

"Tóyìn, jókòó," ni Àlàájà wí. "Mi ò ní kó o purọ́ tó báyìí."

"Mo ti jókòó, mà. Ṣùgbọ́n ẹ bi Nọ́fíù ta ló jẹ àkàrà tí ẹ̀ ń gbé sídìí igi."

Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

"Àkàrà wo?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Kábíyèsí," ni Àlàájà dáhùn, "mo rí ọkùnrin kan lórí igi nínú òtútù Dìsẹ́ńbà, aṣọ rẹ̀ dà bí ewé. Mo ní aláìní kan rèé tí kò nílé. Mo gbé àkàrà mẹ́fà sídìí igi. Nígbà tí mo padà dé, abọ́ ti mọ́ tónítóní."

"Nọ́fíù, ìwọ lo jẹ ẹ́?"

"Òtútù mú, sà."

"Jímọ̀ mélòó?"

"Mẹ́jọ, sà. Wọ́n fi ata rodo sí i."

"Bẹ́nu bá jẹ, ojú a máa tì," ni Olóyè Fọláhàn wí. "O jẹ tiwọn tán, o wá pè wọ́n lẹ́jọ́!"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Nígbà tó o jẹ ẹ́, ṣé o ṣe àmín?"

"Rárá, sà. Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ lórí igi."

Àlàájà ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Jímọ̀ mọ́kàndínlógójì, kò sẹ́ni tó ṣe àmín sí àdúrà ọmọ mi?"

Tóyìn lọ dì í mú. Baálẹ̀ bá Olóyè Fọláhàn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì gún òpá oyè rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Àlàájà, ẹni tí kò lè ṣe àmín kì í gba sàárà. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé mọ́. Ti Jímọ̀ yìí, ẹ gbé e wá síbí. Ìgbìmọ̀ máa jẹ ẹ́, a ó sì ṣe àmín dáadáa."

Nọ́fíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn! Ebi á lé wọn padà sígbó!"

"Má tíì dìde. Nínú gbogbo ẹni tó jẹ sàárà yẹn, ìwọ nìkan lo lè sọ̀rọ̀. Torí náà, ìwọ lo máa ṣe àmín tìrẹ àti ti ẹran. Láàárọ̀ Jímọ̀, wàá gun igi rẹ. Àlàájà á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa ṣàdúrà fún Kamilah. Wàá pariwo àmín mọ́kàndínlógójì, tí Kamilah á fi gbọ́ ọ nílé rẹ̀ ní Laurel lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó lè fọwọ́ kan ọfà."

Nọ́fíù gbórí sókè láti ilẹ̀. Ó wo Àlàájà tó ń fi ìborùn nu ojú. Mo rò pé á jiyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu.

"Mo gbà, sà. Ọmọ ju igbó lọ. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, àgbọ̀nrín wo ló máa dúró gbọ́ àmín mọ́kàndínlógójì?"

"Èyí tó bá dúró," ni Baálẹ̀ dáhùn, "má ta á. Òun náà ń ṣe àmín ni."