Kápúsù Méjì-Méjì Dókítà Ládòkun

Bí ẹ bá dé Òtù tí ẹ pe Ládòkun ní oníkẹ́míìsì, ẹ ti dáràn nìyẹn. Dókítà ni kí ẹ pè é o! Ẹ̀wù funfun ló ń wọ̀, ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ẹ má bi mí. Dókítà a-fi-méjì-ṣẹ́gun-gbogbo-àrùn!

Kápúsù méjì ló máa ń tà. Ikọ́, méjì. Egbò, méjì: ọ̀kan fún mímu, èkejì kí wọ́n tú u dà sójú egbò. Ara á dẹ̀ díẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, àìsàn á tún yọjú, oníbàárà á tún padà. Àwáwù, ìyá Sodiqat, tó ń gbin iṣu, padà lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí egbò ẹsẹ̀.

“Ara yín ló le koko, Ìyá Sodiqat,” ni Dókítà wí. Ẹsẹ̀ sì ń jẹrà lọ.

Àfi bí eéwo ṣe sọ Dókítà fúnra rẹ̀ nídìí. Ahun ò jẹ́ kó lò ju méjì lọ nínú ọjà ara rẹ̀. Eéwo lọ, ó padà. Ó tún lọ, ó mú àbúrò bọ̀. Nígbà tí kò lè jókòó mọ́, ó fa fìlà bojú, ó gba ọsibítù lọ ní Ṣakí.

Yéè! Àwọn wo ló bá lórí bẹ́ńṣì? Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Òtù, Kòmu àti Ìlúà! Àwáwù wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé bí oògùn tuntun ò bá ràn án, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà.

“Oògùn wo lẹ ti lò, Bàbá?” ni Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé bi í.

“Kápúsù méjì,” ni Dókítà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ẹ̀yin náà! Kòkòrò àrùn tí kò lágbára ni méjì yẹn pa. Àwọn akọni tó kù ló bímọ sára yín, àwọn ọmọ wọn ò sì bẹ̀rù oògùn yẹn mọ́. Òmùgọ̀ wo ló ń tà á fún yín bẹ́ẹ̀?”

Òmùgọ̀ kẹ̀? Dókítà gbàgbé ìdí tó ń ro ó, ó ṣí fìlà.

“Òmùgọ̀ kọ́, ọgbọ́n ni! Bí wọ́n bá lò ó pé tí ara wọn yá, ta ni yóò padà wá rà?”



“Ládòkun,” ni Àwáwù wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi lo fi ń ṣòwò?”

Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì. Àpọ́nlé ti fa abẹ́rẹ́. “Ẹ dojú bolẹ̀ níbí, kí ẹ bọ́ ṣòkòtò.”

“Níwájú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n jáde!”

Àpọ́nlé wo orí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́ni tó mira.

“Ẹsẹ̀ ò gbé mi,” ni Àwáwù wí.