Òfin Tuntun Lórí Fọ́tò Ọgbẹ́ ní Òkè-Ọ̀gán

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ọ̀gán, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó dá ọmọ odó dúró! Ẹni tó ń wẹ̀, kó jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ sí i lára! Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kí wọ́n sinmi díẹ̀, wọn yóò padà bá ìjà wọn níbẹ̀! Èmi Ajíbógundé, akéde ààfin, ni mo dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu mi, ti Kábíyèsí Ọlọ́gán ni!

Gbogbo yín lẹ mọ ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn oko kòkó. Ẹ mọ iná tútù tí wọ́n ń tàn níbẹ̀, iná aláwọ̀ àlùkò tí kì í jóni, tí àwọn dókítà ń pè ní pílásímà. Wọ́n ń tàn án sí ọgbẹ́ tí kò gbọ́ oògùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ha bíńtín lójú ọgbẹ́, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú ò rí di ràbàtà, wọ́n á sì yà á ní fọ́tò. Iṣẹ́ ńlá ni. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn fọ́tò náà, òun ló dá wàhálà sílẹ̀!

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Dókítà Adégòróyè, ọ̀gá ilé ìwádìí, pe ìlú jọ síwájú ààfin. Ó ta aṣọ funfun sára ògiri, ó tan fọ́tò ńlá kan sí i. Ó ní ká wá wo bí ara ṣe ń hù padà. A pàtẹ́wọ́! Àwọn ìyá àgbà súre! Olóyè Ẹ̀kẹrin bọ́ fìlà, wọ́n jó dé ẹsẹ̀ Kábíyèsí! Àṣé awọ àlùbọ́sà ni! Awọ àlùbọ́sà, ará ìlú! Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni "Tèmi Gan-an". Olóyè Ẹ̀kẹrin ò tíì jáde nílé láti ọjọ́ náà.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in títí mo fi délé. Ìgbà tí mo délé ni mo rí Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, tó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ń tan iná náà fún. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn dókítà yóò gbé fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà lójú ọgbẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí, nítorí inú lọgbẹ́ ti ń jinná kí ojú tó rí i. Bó bá ń jinná, iná á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá jinná, ọ̀bẹ ló kàn. Fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, wọn ò mọ èwo ni! Ó wà láàárín àìmọye fọ́tò tí wọ́n kàn sọ ní "Tèmi"! Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní parọ́ fún yín.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ! Kábíyèsí pàṣẹ!

Òfin kìíní! Fọ́tò kankan kò gbọdọ̀ sùn nínú kọ̀ǹpútà láìlórúkọ! Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn: ara ta ni, ọjọ́ wo ni, ta ló yà á, ẹ̀rọ wo ló fi yà á, ìlọ́po mélòó ló sọ ọ́ dà, ìṣẹ́jú mélòó ni iná tútù lò lójú ọgbẹ́. "Tèmi" kì í ṣe orúkọ! "Tèmi Kejì" kì í ṣe orúkọ! "Òní" kì í ṣe orúkọ, nítorí ilẹ̀ á mọ́! Ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó gba orúkọ tirẹ̀ náà. "Ìwọ Yẹn" ni gbogbo ìlú yóò máa pè é títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Títí kan ìyá tó bí i!

Òfin kejì! Gbogbo fọ́tò gbọ́dọ̀ ní ìlà ìwọ̀n, ká lè mọ bí nǹkan náà ṣe tóbi tó! Fọ́tò kan wà tí àwọn dókítà ń jà lé lórí, bóyá ojú ọgbẹ́ ni àbí ìdọ̀tí ara gíláàsì. Olóyè Ẹ̀kẹrin ránṣẹ́ látilé pé ọ̀nà oko àwọn ni, pé ta ló ní kí wọ́n yà á láti ojú sánmà. Ẹni tó bá gbàgbé ìlà, èékánná ni yóò fi wọn ọ̀nà láti ààfin dé odò. Àlọ àti àbọ̀!

Òfin kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe fọ́tò lóge! Ọgbẹ́ kì í ṣe ìyàwó ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i, kó fi ògidì pamọ́, kó sì kọ ohun tó ṣe sí i. Ẹni tó bá ṣe é tí kò sọ, a ó lé tìróò fún un, a ó kun àtíkè fún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ síbi iṣẹ́.

Òfin kẹrin! Ibi mẹ́ta ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé! Fíláàṣì, ike bíńtín tí wọ́n ń kó fọ́tò sí, tí wọ́n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kì í ṣe ilé. Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan. À ń ṣọ́ ewúrẹ́ náà, a ò tíì rí nǹkan kan. Ẹni tó bá rú òfin yìí ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ.

Òfin karùn-ún! Òfin karùn-ún... ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Kábíyèsí ní kí wọ́n pa gbogbo fọ́tò tí kò bá tíì lórúkọ rẹ́ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń lu agogo yìí, n kò fi kún ọ̀rọ̀ wọn rí, n kò yọ nínú rẹ̀ rí. Lónìí, mo yọ ọ́! Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró wà láàárín àwọn aláìlórúkọ yẹn. Ti ọmọ yín náà lè wà níbẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí tí mo kéde rèé: kí ẹnikẹ́ni má pa ohunkóhun rẹ́! Mo tún un sọ, kí ẹnikẹ́ni má pa ohunkóhun rẹ́! Kọ̀ǹpútà mọ ọjọ́ tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọlé, Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Àwẹ̀ró sì rántí pé ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ya tòun. Ẹ̀yin tíṣà, ọjọ́ wo lọ́jọ́ náà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sáré wá o!

Bí ìránṣẹ́ ààfin bá ń wá mi, ẹ má parọ́ fún wọn. Ilé ìwádìí ni mo wà, mò ń bá wọn wá fọ́tò.

Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ, àfi ibì kan. Kí adé pẹ́ lórí Kábíyèsí! Kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn! Kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró náà, ẹsẹ̀ méjèèjì!